Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tàn Mọ́: Ìtàn Iṣẹ́ Kan Láti Lahore Dé Dowa

Dowa jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Ègùn ń pè ní Hogbonu, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, tí ó sì jẹ́ olú-ìlú Benin títí di òní. Kútọnu àti èbúté rẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ibodè Nàìjíríà sì wà nítòsí ní ìlà-oòrùn. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó kó o wá tà, lè gbà dé ilé ẹni níbẹ̀, ẹni tí yóò sì tún un ṣe gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè méjì tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń sọ, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ènìyàn bá tan kọ̀ǹpútà àtijọ́, ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní BIOS, tí ó wà nínú ṣíìpù kan lára pátákó ẹ̀rọ, ni ó ń kọ́kọ́ jí. Òun ni ó ń yẹ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wò, lẹ́yìn èyí ni yóò ka ìpín àkọ́kọ́ lórí dísíìkì, tí kò ju báìtì 512 lọ, níbi tí ìtọ́nà dé ọ̀dọ̀ Windows wà. Fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn ètò tí wọ́n kọ kí ó lè máa da ara rẹ̀ kọ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, tí ó bá ráyè wọ ìpín yìí, yóò ti máa ṣiṣẹ́ kí ètò ìdáàbòbò kankan tó jí.

Ibẹ̀ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì Brain ba sí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Basit àti Amjad Farooq Alvi, ni wọ́n kọ ọ́ ní ìlú Lahore ní Pakistan ní ọdún 1986, dísíìkì pẹlẹbẹ sì ni ó ń gbé e kiri. Ìwòsàn irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n fi dísíìkì mìíràn tí ó mọ́ tan ẹ̀rọ, kí wọ́n sì tún ìpín àkọ́kọ́ kọ. Ìlànà yìí, pé ohun tí ó mọ́ láti ìta ni wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ tí ó ní àrùn, kò tíì yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1999, fáírọ́ọ̀sì CIH, tí Chen Ing-hau kọ ní Taiwan, nu ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà dànù, ó sì ba BIOS àwọn mìíràn jẹ́ débi pé wọn kò tàn mọ́ àfi bí wọ́n bá pààrọ̀ ṣíìpù náà tàbí tí wọ́n tún un kọ.

Òpin ọdún 1995 ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ Benin, ní àsìkò ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé ní Kútọnu, okùn abẹ́ òkun SAT-3 sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 2002. Síbẹ̀, ilé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kò bọ́, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi fíláàṣì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ tẹ̀ ní cyber, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń sanwó lo íntánẹ́ẹ̀tì, lè gbé àrùn bọ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ ni ètò ìdáàbòbò tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ara rẹ̀ dọ̀tun kò ní dá àrùn tuntun mọ̀. Conficker, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, wà lára àwọn tí ó gba ọ̀nà fíláàṣì, kí Microsoft tó dí ọ̀nà náà lórí Windows àtijọ́ ní oṣù kejì ọdún 2011. Òmíràn a máa fi fódà pamọ́, olówó rẹ̀ yóò sì rò pé iṣẹ́ òun ti parẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àṣẹ attrib -h -s tó láti mú un jáde padà.

Orí kíbọ́ọ̀dù ni ìpàdé èdè méjì náà ti hàn jù. AZERTY ni ètò lẹ́tà ti Faransé, QWERTY ni ti Nàìjíríà. Bí oníṣẹ́ bá fi CD Windows XP elédè Gẹ̀ẹ́sì tan ẹ̀rọ tí ó ní kíbọ́ọ̀dù Faransé, tí ó sì fẹ́ tẹ fixmbr, àṣẹ tí ń tún ìpín àkọ́kọ́ kọ, bọ́tìnì M yóò gbé àmì “;” jáde, kọmá ni yóò sì tẹ̀ kí ó tó rí m. Bákan náà, bọ́tìnì tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Del, Suppr ni wọ́n kọ sí i lára.

Ní ọdún 2000, Klaus Knopper gbé Knoppix jáde ní Jámánì, CD kan tí ó lè mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà lórí dísíìkì rẹ̀. Irú CD bẹ́ẹ̀ mú kí ó rọrùn láti kọ́kọ́ kó fọ́tò àti ìwé olówó ẹ̀rọ sí ibòmíràn kí wọ́n tó lé àrùn jáde, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí ó rí, nítorí pé Windows ṣeé tún fi sí i nígbàkígbà, ṣùgbọ́n fọ́tò ìgbéyàwó ẹni kò ṣeé tún yà. Nígbà tí WannaCry, tí ń ti fáìlì pa kí ó tó béèrè owó, jà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní ẹ̀dà mìíràn pàdánù iṣẹ́ wọn pátápátá.

Òfin ayélujára tí Benin gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 lè fìyà jẹ ọ̀daràn, kò lè dá fáìlì tí ó ti ṣègbé padà. Kí olúkúlùkù tí ó ní kọ̀ǹpútà nílé ṣe ẹ̀dà ohun tí ó ṣe iyebíye sí i lónìí, kí ó yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sí ọ̀tọ̀.