Ayé Tó Ti Wà Kí Kámẹ́rà Tó Dé: Ìdí Tí Fíìmù The Lord of the Rings Fi Dùn Ún Wò

Ní oṣù kẹta ọdún 1939, J.R.R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní Yunifásítì Oxford, lọ sí St Andrews ní ilẹ̀ Scotland láti sọ̀rọ̀ lórí ìtàn mérìíyìírí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di títẹ̀ jáde ní 1947, èrò rẹ̀ lórí eré orí ìtàgé hàn kedere nínú rẹ̀: ìwé ni ilé irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìtàgé kò gbà á. Ẹni tó ń kàwé ló ń fi ojú inú ara rẹ̀ ya igbó àti òkè, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí òṣèré bá gbé awọ ẹranko wọ̀, tó ní òun ni ẹranko tó ń fọhùn, ojú òǹwòran ti rí okùn tó so awọ náà mọ́ ọn lára. Ìgbàgbọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní 1958, wọ́n gbé ìwé eré kan wá fún un, èyí tí wọ́n fẹ́ fi sọ ìwé rẹ̀ The Lord of the Rings di fíìmù. Ó kà á, inú bí i, ó sì kọ lẹ́tà gígùn láti fi to àléébù rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2004, fíìmù kẹta tí Peter Jackson ṣe láti inú ìwé yìí kan náà gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar 11 nínú 11 tí wọ́n yàn án fún. Fíìmù méjì mìíràn péré ló ti gba iye bẹ́ẹ̀ rí: Ben-Hur ti 1959 àti Titanic ti 1997. Ṣé Tolkien ló wá ṣì í ni? Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò ṣì í rárá. Okùn tó bẹ̀rù pé ojú yóò rí yẹn ni Jackson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ náà bẹ̀rù, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ àti sùúrù bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wá fíìmù tó tẹ̀lé ìwé láti ojú ewé dé ojú ewé kò ní rí i níbí. Ìgbádùn tó wà nínú rẹ̀ ni pé ayé tí a ń wò rí bí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé tipẹ́tipẹ́ kí kámẹ́rà tó dé bẹ̀.

Oko àgùntàn kan wà nítòsí ìlú Matamata ní New Zealand. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ Hobbiton sí, abúlé àwọn hobbit, ìran kúkúrú inú ìtàn náà. Àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè náà bá wọn lànà, bá wọn gbẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti gbin ewébẹ̀ àti òdòdó sí àyíká àwọn ilé náà ní nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lánàá kò lè fara pa mọ́ fún ẹni tó bá dáko rí. Èyí tó ti fìdí múlẹ̀, tí èpò ti wọ àárín rẹ̀ díẹ̀, ló ń jẹ́ kí òǹwòran gbà pé àwọn kan ń jí láàárọ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Nínú ìwé, Tolkien lo ojú ewé púpọ̀ láti sọ ìtàn ìran hobbit, oúnjẹ wọn àti tábà wọn. Fíìmù kò ní àyè fún gbogbo àlàyé yẹn, ọgbà ẹ̀fọ́ ló fi sọ ọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe mú Gandalf oṣó ga, tí wọ́n mú Frodo tó jẹ́ hobbit kúrú? Nínú ìran tí àwọn méjèèjì jọ wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, Ian McKellen àti Elijah Wood tí wọ́n ṣe ipa wọn kò jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n pín ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà sí méjì: McKellen wà níwájú, Wood sì wà lẹ́yìn dáadáa, ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí ló pa àlàfo àárín wọn rẹ́. Ilé Bilbo, hobbit mìíràn, pàápàá, méjì ni wọ́n kọ́, ńlá kan àti kékeré kan, tábìlì méjì, àga méjì. Ẹ̀wù irin àwọn jagunjagun, páìpù ike ni wọ́n gé sí òrùka wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ọwọ́ so kọ́ ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi di àràádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà púpọ̀, tí ilà ìka sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Kò sí òǹwòran tó máa ka òrùka wọ̀nyẹn. Àmọ́ ojú a máa rí bí ẹ̀wù náà ṣe ń bá ara ẹni tó wọ̀ ọ́ rìn.

Jackson tún ṣe ohun kan tó mọ́gbọ́n wá: ó ránṣẹ́ sí Alan Lee àti John Howe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ayàwòrán méjì yìí ti fi ń ya àwòrán sí ìwé Tolkien. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ti ka ìwé rí afárá Khazad-dûm tàbí ìlú Rivendell nínú ilé sinimá, ibi tó ti dé rí ni. Bákan náà ni orin. Howard Shore fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ohùn ilẹ̀ Shire, ilé àwọn hobbit, jẹ́ ti fèrè kékeré àti gòjé, tó bá sì tún dún nígbà tí àwọn hobbit ti jìnnà sílé, òǹwòran á rántí ilé kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Akọrin rẹ̀ sì ń kọ ọ́ ní èdè tí Tolkien fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ta ló gbọ́ èdè Sindarin? Síbẹ̀, etí mọ ìyàtọ̀ láàárín èdè tó ní gírámà àti ariwo lásán.

Iṣẹ́ tó ku ni gígé, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Ilé-iṣẹ́ Miramax tó kọ́kọ́ ń ṣe é fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ inú fíìmù kan ṣoṣo. New Line ló gbà á, tó ní mẹ́ta ni kó jẹ́. Pẹ̀lú mẹ́ta náà, Jackson, Fran Walsh àti Philippa Boyens tí wọ́n jọ kọ ìwé eré fa ọ̀bẹ yọ. Wọ́n gé Tom Bombadil kúrò pátápátá. Ọdún 17 tó wà nínú ìwé láàárín àríyá ọjọ́ ìbí Bilbo àti ìgbà tí Frodo gbéra kúrò nílé di ohun tó jọ oṣù díẹ̀. Arwen ló gbé Frodo lórí ẹṣin sá fún àwọn Ẹlẹ́ṣin Dúdú, nígbà tó jẹ́ pé nínú ìwé, Glorfindel ló fún Frodo ní ẹṣin, Frodo nìkan ló sì gùn ún sá lọ.

Nínú gbogbo àtúnṣe wọn, ikú Boromir, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Frodo rìnrìn àjò, ló yẹ kí a dúró lé lórí. Tolkien kò fi ìjà náà hàn wá. Aragorn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbọ́ ìwo, ó sáré, nígbà tó sì máa débẹ̀, Boromir ti fẹ̀yìn ti igi, ọfà kún ara rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun gbìyànjú láti gba òrùka tí ìtàn náà dá lé, èyí tí agbára rẹ̀ ń ba ìwà ẹni jẹ́, lọ́wọ́ Frodo, ó sì kú. Ìbẹ̀rẹ̀ ìdìpọ̀ kejì ni èyí wà. Jackson gbé e padà sí ìparí fíìmù kìíní, ó sì jẹ́ kí a wà níbẹ̀. Ọfà àkọ́kọ́ bà á, ariwo ogun dín kù, orin gba ipò rẹ̀. Ó wolẹ̀ lórí orúnkún, ó rí Merry àti Pippin tí wọ́n ń wò ó, ó sì dìde padà, ó tún gbé idà. Ọfà kejì, ó tún dìde. Ọkùnrin tí òrùka mú ìwà rẹ̀ bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ló ń fi ara rẹ̀ ṣe odi fún àwọn hobbit méjì yìí. Ìwé sọ fún wa pé ó ronú pìwà dà. Fíìmù jẹ́ kí a rí iye tí ìrònúpìwàdà náà ná an. Níbí, fíìmù yapa kúrò nínú ọ̀rọ̀ Tolkien, ó sì sún mọ́ èrò ọkàn rẹ̀.

Christopher Tolkien, ọmọ òǹkọ̀wé náà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ tọ́jú àwọn ìwé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, kò gbà. Nígbà tó bá ìwé ìròyìn Le Monde sọ̀rọ̀ ní 2012, ó ní wọ́n ti tú ìfun ìwé náà jáde, wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ìjà fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣe ìlara, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ogun Helm's Deep tó gba orí kan nínú ìwé gba ìparí fíìmù kejì ká. Faramir, àbúrò Boromir, kọ òrùka náà láìjanpata nínú ìwé. Ti inú fíìmù mú Frodo ní ìgbèkùn lọ sí Osgiliath. Àwọn tó kọ ìwé eré ní bí ẹnìkan bá lè kọ òrùka náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ta ni yóò tún bẹ̀rù rẹ̀? Ìdáhùn wọn mọ́gbọ́n dání fún eré, ṣùgbọ́n ó gba ọmọlúàbí kan lọ́wọ́ ìtàn náà, a kò sì rí ẹni tó dípò rẹ̀.

Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé ìjà àti kọ̀ǹpútà ló ba nǹkan jẹ́, Gollum, ẹ̀dá tí òrùka náà ti sọ dìdàkudà, ni ì bá kọ́kọ́ bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ló yà á láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Andy Serkis tó ṣe ipa rẹ̀ wà lórí àpáta pẹ̀lú àwọn òṣèré bíi Wood àti Sean Astin, wọ́n jọ wọ̀yá ìjà, ó ń fi ohùn rẹ̀ hó, kọ̀ǹpútà tó wá gba ipò ara rẹ̀ kò sì gba ìrora rẹ̀.

The Hobbit, ìwé Tolkien mìíràn tí Jackson sọ di fíìmù, ni ẹ̀rí tó lágbára jù pé iṣẹ́ ọwọ́ àti sùúrù yẹn ló ṣe é. Olùdarí kan náà ni, ilẹ̀ kan náà, òṣèré kan náà fún Gandalf. Ìwé The Lord of the Rings lé ní 1,000 ojú ewé, ìṣẹ́jú 558 ni fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ nínú ilé sinimá. The Hobbit, tó jáde ní 1937 fún àwọn ọmọdé, kò ju nǹkan bí 300 ojú ewé lọ. Fíìmù mẹ́ta tí wọ́n fà á sí láàárín 2012 sí 2014 gba ìṣẹ́jú 474. Méjì ni wọ́n ní àwọn yóò ṣe. Oṣù keje 2012 ni wọ́n kéde pé ó ti di mẹ́ta. Àyè tó ṣófo yìí ni wọ́n fi Legolas dí, ẹni tí kò sí nínú ìwé yẹn, àti Tauriel tí wọ́n hùmọ̀ rẹ̀. Nínú ìwé, òkúta bá Bilbo lórí nínú ogun ìkẹyìn, ó dákú, ìgbà tó jí ni ogun ti parí. Fíìmù kẹta sọ ogun tí Bilbo kò rí yẹn di orúkọ ara rẹ̀ àti apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹṣin kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí kámẹ́rà 3D máa ń tú àlàfo tó wà láàárín òṣèré méjì fó. Wọ́n fi McKellen sínú yàrá aláwọ̀ ewé ní òun nìkan, ó ń bá àwòrán àwọn aràrá lórí igi sọ̀rọ̀, iná kan sì ń tàn láti fi hàn án ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọkàn àgbà òṣèré náà bàjẹ́ débi pé ó sunkún. Wọ́n tún ya fíìmù náà ní àwòrán 48 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò 24 tí ojú mọ̀, ọ̀pọ̀ tó wò ó bẹ́ẹ̀ sì ní ohun gbogbo mọ́lẹ̀ jù, pé irùngbọ̀n jọ irùngbọ̀n tí wọ́n lẹ̀ mọ́ni. Okùn tí Tolkien sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yọ síta.

Àwọn kan máa ń fi ìparí The Return of the King, fíìmù kẹta The Lord of the Rings, ṣẹ̀fẹ̀, pé ó parí títí kò parí. Ẹ̀sùn yìí kò tọ́. Ẹni tó ti bá Frodo rìn fún wákàtí mẹ́sàn-án kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń tì síta kété tí òrùka jóná. Ohun tó ṣe ni láàánú ni èyí tí wọn kò fi sí i. Tolkien ka ìpadàbọ̀ àwọn hobbit sí ilẹ̀ Shire tó ti bàjẹ́, tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ lulẹ̀, sí pàtàkì nínú ìtàn náà. Ó ní òun ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Jackson pàápàá ti fi hàn wá nínú dígí omi Galadriel ní fíìmù kìíní pé iná ń jó Shire, ó sì dá gbèsè náà sílẹ̀ láìsan. Saruman tó wà nídìí ìbàjẹ́ yẹn nínú ìwé, wọ́n gé e kúrò nínú fíìmù kẹta tó wọ ilé sinimá, inú Christopher Lee tó ṣe ipa náà kò sì dùn. Ẹ̀dà gígùn, oníṣẹ́jú 251, dá ikú rẹ̀ padà, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí ènìyàn fi ẹ̀dà yẹn parí ìwòran rẹ̀. Ti Shire tó jóná kò sí níbẹ̀ náà. Orí kẹjọ ìwé kẹfà ló wà.