Ẹ Fẹ́ Fi Yàrá Kún Ilé Yín ní Ìgbèríko England? Ẹ Mọ Òfin Yìí Kí Ẹ Tó Pe Bíríkìlà

Ẹ̀yin èèyàn mi tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Kì í ṣe London àti Manchester nìkan ni àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àtàwọn tó ń tọ́jú arúgbó wà láwọn ìlú kéékèèké àti abúlé, àwọn kan sì ti ra ilé síbẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé: "Ilé mi ni, owó mi ni mo fi rà á, ṣé mo tún gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kí n tó fi yàrá kan kún un ni?"

Ìdáhùn mi ni pé ó kù sí irú ilé tó jẹ́ àti ibi tó wà. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, mo máa fi àgbègbè kan ṣàlàyé: Cotswold District ní Gloucestershire, níbi tí Cirencester, Tetbury, Stow-on-the-Wold àti Bibury wà. Òfin ìkọ́lé le níbẹ̀ gan-an, nítorí ilé olókùúta aláwọ̀ oyin tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá wò láti gbogbo ayé.

TA LÓ LÁṢẸ LÓRÍ ILẸ̀ YÍN?

Òfin Town and Country Planning Act ti ọdún 1947 ló yí gbogbo nǹkan padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1948 tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sórí ẹ̀ di ohun tí èèyàn ń gbà lọ́wọ́ káńsù. Àṣẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní planning permission.

Àmọ́ káńsù ò lè máa jókòó lórí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi fún àwọn onílé ní àṣẹ kan lápapọ̀ fún iṣẹ́ kéékèèké, tí wọ́n pè ní permitted development. Èyí tó wà lóde báyìí wà nínú ìwé òfin ọdún 2015, wọ́n sì ti ṣàtúnṣe sí i léraléra. Bí iṣẹ́ yín bá wà nínú ìwọ̀n tí òfin yẹn là sílẹ̀, ẹ ò ní láti tọrọ àṣẹ kankan. Bó bá fi díẹ̀ kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: àṣẹ yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe sílé ẹ̀ ní Dartford láì bi ẹnikẹ́ni lè di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn ní Bourton-on-the-Water. Torí náà, kí ẹ tó wádìí nípa ohun tí ẹ fẹ́ kọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú ilé tí ẹ ní.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN NÍPA ILÉ YÍN

Àkọ́kọ́, ṣé listed building ni? Èyí ni ilé tí ìjọba ti kọ sínú ìwé pé ó ní ìtàn tàbí ẹwà tí kò gbọ́dọ̀ parẹ́. Ipele mẹ́ta ló ní: Grade I, Grade II* àti Grade II. Arlington Row ní Bibury, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1380, wà ní Grade I. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé irú ìyẹn nìkan ni o. Ọ̀pọ̀ ilé kékeré tí mẹ̀kúnnù ń gbé wà nínú ìwé náà. Ẹ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àkójọ Historic England lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èkejì, ṣé inú conservation area ló wà? Ìyẹn ni àdúgbò tí káńsù ti pa ààlà yí ká torí pé wọn ò fẹ́ kí ìrísí ẹ̀ bà jẹ́. Cotswold District nìkan ní ju 140 irú ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ṣé ó wà nínú Cotswolds National Landscape? Láti ọdún 1966 ni ìjọba ti ń dáàbò bo ilẹ̀ yìí. AONB ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, orúkọ àtijọ́ yẹn ló sì ṣì wà nínú òfin. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àgbègbè náà ló wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ni wọ́n kọ sínú àṣẹ tí wọ́n fi kọ́ ilé náà gan-an? Káńsù lè ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé onílé kò ní ẹ̀tọ́ sí permitted development. Ó wọ́pọ̀ lára ilé tó jẹ́ abà oko tẹ́lẹ̀. Bó bá sì jẹ́ flat lẹ ń gbé, àṣẹ àfikún ilé tí mo fẹ́ sọ yìí kò kàn yín rárá.

ÌWỌ̀N TÍ KÒ NÍLÒ ÀṢẸ

Ká ní ilé yín kì í ṣe listed, tí kò sì sí nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń dáàbò bò, ohun tí òfin gbà láyè nìyí:

– Àfikún alájà kan lẹ́yìn ilé: mítà 3 bí ilé bá so mọ́ ilé ẹlòmíì, mítà 4 bó bá dá dúró. Gíga rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mítà 4 lọ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi tó káńsù létí, tí káńsù sì bi àwọn aládùúgbò, ó lè dé mítà 6 tàbí mítà 8.
– Àfikún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé: alájà kan péré, kò sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìdajì ilé àkọ́kọ́ lọ.
– Gbígbé òrùlé sókè láti fi àjà ṣe yàrá: cubic mítà 40 fún ilé tó wà lọ́wọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn ilé mìíì, 50 fún ilé tó dá dúró tàbí tó so mọ́ ẹyọ kan.
– Ìloro kékeré lẹ́nu ọ̀nà: square mítà 3 nílẹ̀, mítà 3 ní gíga, kó sì jìnnà sí ojú títì tó mítà 2.
– Fẹ́ǹsì tàbí géètì: mítà 1 bó bá wà lẹ́bàá títì ọkọ̀, mítà 2 níbòmíì. Fẹ́ǹsì gíga tí a mọ̀ nílé, ẹ gbàgbé ẹ̀.
– Dída kọnkéré síwájú ilé láti páàkì mọ́tò: bó bá ju square mítà 5 lọ, omi òjò gbọ́dọ̀ lè wọlẹ̀ níbẹ̀, kó má ṣàn sójú títì.

"Ilé àkọ́kọ́" túmọ̀ sí bí ilé ṣe wà ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1948, tàbí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Bí ẹni tó ta ilé fún yín bá ti fi mítà 3 kún ẹ̀yìn ilé ní 1985, ó ti lo ẹ̀tọ́ yín tán níbẹ̀ yẹn. Gbogbo àfikún àti ilé kéékèèké tó wà nínú ọgbà pọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju ìdajì ilẹ̀ tó yí ilé àkọ́kọ́ ká lọ.

OHUN TÓ YÀTỌ̀ NÍ COTSWOLD

Bí ilé yín bá wà nínú conservation area tàbí National Landscape, ẹ yọ nǹkan wọ̀nyí kúrò nínú ohun tí ẹ lè ṣe láì gbàṣẹ: àfikún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, àfikún alájà méjì lẹ́yìn ilé, gbígbé òrùlé sókè, àti mítà 6 tàbí 8 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mítà 3 tàbí 4 lẹ́yìn ilé nìkan ló kù fún yín.

Ẹ ò tún gbọ́dọ̀ rẹ́ ara ilé, tàbí kí ẹ fi pákó, táìlì, ike tàbí òkúta bò ó lóde, láì gbàṣẹ. Ẹ lè ní ilé ti gbó, ẹ fẹ́ kó máa dán. Lójú káńsù, gbígbó yẹn gan-an ni ẹwà ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò túmọ̀ sí pé wọ́n máa kọ̀ fún yín. Ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni. Ìwé ètò ìlú tí káńsù fọwọ́ sí ní 2018 ní Cotswold Design Code nínú, tó ṣàlàyé irú òkúta, òrùlé àti fèrèsé tó bá àdúgbò mu. Ẹ ní kí ẹni tó máa ya àwòrán ilé yín kà á kó tó fi pẹ́ńsù kan bébà.

YÀRÁ MÀMÁ NÍNÚ ỌGBÀ

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá jù. Màmá ń bọ̀ láti Nàìjíríà wá bá yín tọ́mọ, ilé ò gbà yín, ẹ wá rò pé ẹ máa fi pákó kọ́ yàrá kan sínú ọgbà. Lóòótọ́ ni òfin gbà kí ẹ kọ́ ilé kékeré síbẹ̀ láì gbàṣẹ, bí kò bá sí níwájú ilé, tí gíga rẹ̀ kò sì ju mítà 2.5 lọ níbi tó bá ti sún mọ́ ààlà tó mítà 2. Nílẹ̀ tí wọ́n ń dáàbò bò, kò tún gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Nínú National Landscape, èyí tó bá jìnnà sílé ju mítà 20 lọ kò gbọ́dọ̀ ju square mítà 10 lọ lápapọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ lè fi ṣe ni ibi ìkẹ́rù, ọ́fíìsì tàbí ibi eré ìdárayá. Kì í ṣe ibi tí èèyàn á máa sùn tí á máa dáná. Bó bá ti di ibùgbé, àṣẹ yẹn ò bò yín mọ́. Ẹ kọ̀wé tọrọ àṣẹ gidi kí màmá tó wọ bàálù.

BÓ BÁ JẸ́ LISTED BUILDING

Níbí, ẹ fara balẹ̀. Àṣẹ mìíì tún wà tó ń jẹ́ listed building consent, inú ilé àti ìta ló sì kàn. Wíwó ògiri àárín yàrá, yíyọ ibi ìdáná àtijọ́, pípààrọ̀ fèrèsé onígi sí onírọ́bà, gbogbo ẹ̀ lè nílò ẹ̀. Ilé kékeré tó wà nínú ọgbà ṣáájú oṣù keje ọdún 1948 náà lè wà lábẹ́ òfin yìí.

Ẹni tó bá ṣe é láì gbàṣẹ ti dáràn. Ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn tí kò ní gbèdéke lé e, tàbí kí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Kò sì sí iye ọdún tó lè kọjá tí káńsù ò ní lè ní kí ẹ dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ra ilé lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é gan-an lè rí ìwé gbà pé kí ẹ tún un ṣe.

IGI ÀTI ÀDÁN

Nínú conservation area, kí ẹ tó gé igi tí ìdí ẹ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 lọ, tí a bá wọ̀n ọ́n ní mítà 1.5 sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Òfin tún ń dáàbò bo àdán. Ó sì fẹ́ràn àjà àwọn ilé àtijọ́. Bí àmì bá wà pé ó ń gbébẹ̀, káńsù máa ní kí onímọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì sábà máa ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń jáde lálẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè pàdánù ọdún kan gbáko.

OWÓ ÀTI ÀKÓKÒ

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó ìwé fún àfikún ilé gbéra láti £258 dé £528. Wọ́n sì lè máa fi kún un lọ́dọọdún, torí náà ẹ yẹ iye tó wà lóde wò kí ẹ tó san án. Listed building consent kò gba owó ìwé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Planning Portal, lẹ ti máa fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán ilé àti máàpù.

Káńsù máa fún àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ 21 láti sọ tẹnu wọn. Wọ́n máa gbọ́ ọ bí aládùúgbò bá ní ẹ máa dí ìmọ́lẹ̀ òun tàbí ẹ máa rí inú yàrá òun. Bó bá ní owó ilé òun máa wálẹ̀, ìyẹn ò jẹ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fún káńsù láti dáhùn. Bí wọ́n bá gbà, ọdún mẹ́ta lẹ sábà máa ní láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí Planning Inspectorate. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ rántí pé building regulations tó ń rí sí ààbò, iná àti bí ilé ṣe lágbára sí, ọ̀tọ̀ ni. Àṣẹ kan kò dúró fún ìkejì.

ẸNI TÓ KỌ́LÉ LÁÌ GBÀṢẸ Ń KỌ́?

Àgbẹ̀ kan ní Surrey, Robert Fidler, kọ́ ilé ńlá bí ààfin láàárín ọdún 2000 sí 2002, ó to koríko gbígbẹ yí i ká kí ẹnikẹ́ni má rí i. Lọ́dún 2006 ló tó kó koríko kúrò, ó ní ọdún mẹ́rin tí òfin ìgbà yẹn là sílẹ̀ ti kọjá. Ilé ẹjọ́ ní koríko yẹn gan-an wà lára iṣẹ́ ilé náà, torí náà iṣẹ́ ò tíì parí títí tó fi kó o kúrò. Lọ́dún 2016, òun fúnra ẹ̀ ló wó o.

Òfin tún ti le ju tìgbà yẹn lọ. Iṣẹ́ tó bá parí láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024, ọdún mẹ́wàá ni káńsù ní láti mú yín. Kódà bí káńsù ò bá rí yín, lọ́yà ẹni tó fẹ́ ra ilé yín máa béèrè ìwé. Ọ̀pọ̀ ọjà ilé ló máa ń dàrú síbẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn. Ẹ wo ìtàn ilé yín lórí ìkànnì káńsù. Ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ kí káńsù tó bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì gbà pé iṣẹ́ yín kò nílò àṣẹ, ẹ gba lawful development certificate, ìwé ẹ̀rí tí káńsù máa fi sọ pé òótọ́ lẹ sọ. Ìdajì owó tí mo sọ yẹn ni, ìwé yẹn lẹ sì máa gbé síwájú lọ́yà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tajà.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bíríkìlà lè sọ fún yín pé "kò séwu, mo ti kọ́ irú ẹ̀ rí." Orúkọ ẹ̀ kọ́ ni káńsù máa kọ sórí ìwé àṣẹ pé kí wọ́n wó o. Orúkọ onílé ni.