Ìtàn Ìjàkadì pẹ̀lú Egbò Kíkẹ̀ nínú Iṣẹ́ Abẹ Eegun, 1865–1982

Ìfáàrà

Bí eegun bá ṣẹ́ láìjẹ́ pé awọ ya, ara fúnra rẹ̀ lè so ó pọ̀ bí a bá tò ó dáradára. Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí ń to eegun nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí awọ bá ya tí eegun sì hàn síta, ọ̀ràn ti di méjì. Ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Yúróòpù ṣáájú 1865, irú egbò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ a sì gé ẹsẹ̀ tàbí apá náà kí aláìsàn má baà kú. Gígé ọ̀hún pàápàá tún ń pa ọ̀pọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí tọpasẹ̀ bí ìyípadà ṣe dé, ó sì fi hàn pé ìmọ́tótó àti àkọsílẹ̀ ṣe pàtàkì bí ọ̀bẹ.

Lister ní Glasgow

Joseph Lister jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Glasgow, ní Skọ́tíláǹdì. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà nígbà náà ni pé afẹ́fẹ́ búburú ni ó ń ba egbò jẹ́. Iṣẹ́ Louis Pasteur, ará Faransé, ni ó mú Lister gbà pé kòkòrò àìfojúrí ni. Ó tún gbọ́ pé wọ́n ń da kábọ́líìkì sí omi ẹ̀gbin ní ìlú Carlisle, ó sì rò ó pé ohun tí ó ń pa òórùn ẹ̀gbin lè pa kòkòrò inú egbò.

Ní oṣù kẹjọ 1865, kẹ̀kẹ́ ẹrù gun ẹsẹ̀ James Greenlees, ọmọ ọdún 11. Eegun ṣẹ́, awọ sì ya. Lister fi aṣọ tí a rẹ sínú kábọ́líìkì bo egbò náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, eegun ti so, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì bọ́ lọ́wọ́ ayùn.

Ní 1867, Lister tẹ ìròyìn aláìsàn 11 jáde: ẹnì kan kú, a gé ẹsẹ̀ ẹnì kan, 9 yòókù sì sàn. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí gígé ẹsẹ̀ àti apá, ènìyàn 16 nínú 35 ni ó kú kí ọ̀nà tuntun yìí tó dé. Láàrin 1867 sí 1869, 6 nínú 40 ni ó kú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tètè gbà á gbọ́.

Charnley ní Wrightington

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń fi ooru omi pa kòkòrò lára irinṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ń wọ ìbọ̀wọ́. Ní 1962, John Charnley bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin àti ike líle pààrọ̀ oríkèé ìbàdí ní ilé ìwòsàn Wrightington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin àti ike kò ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé ohun ìjà ara dé ibẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba kòkòrò díẹ̀ lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Charnley kọ́ àgọ́ kékeré tí afẹ́fẹ́ sísẹ́ ń fẹ́ sínú rẹ̀, ó sì ṣe aṣọ tí ń fa èémí oníṣẹ́ abẹ jáde. Egbò tí ń bàjẹ́ dín kù láti nǹkan bí 7 nínú 100 sí ohun tí kò tó 1.

Àwọn kan jiyàn pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ni ó fa èyí. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1982, tí ó kan iṣẹ́ abẹ tí ó lé ní 8,000, dá sí ọ̀rọ̀ náà: afẹ́fẹ́ mímọ́ dín ìbàjẹ́ egbò kù ju ìlàjì lọ, oògùn apakòkòrò náà sì kó ipa tirẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé Lister àti Charnley kò fi ìtàn aláìsàn kan ṣoṣo yangàn. Wọ́n ka àwọn tí ó sàn, wọ́n sì ka àwọn tí kò sàn pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn tí kò bá ka òkú rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá òun ń tẹ̀ síwájú. Ẹ̀kọ́ yìí yẹ kí olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jọ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.