Ìwé Tí A Ń Kà fún Ọmọ àti Ìwé Tí Ọmọ Ń Dá Kà: Àyẹ̀wò Àwọn Ìwé Àwòrán Tuntun fún Ọmọ Ọdún Méjì sí Mẹ́jọ

Bí òbí bá wọ ilé-ìtàwé tó ní òun fẹ́ ìwé ìtàn ọmọdé, oríṣi ìwé méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra ni wọn yóò kó papọ̀ fún un. Ọ̀kan ni ìwé àwòrán. Àgbà ló ń ka èyí, ọmọ ń gbọ́, ojú rẹ̀ sì wà lára àwòrán. Kò di dandan kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rọrùn, nítorí kì í ṣe ọmọ ni yóò tú lẹ́tà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B lè gbádùn rẹ̀ dọ́ba. Èkejì ni ìwé àkọ́kà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń ka ìyẹn, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà gbólóhùn ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, ọ̀rọ̀ kan náà sì gbọ́dọ̀ máa yọjú lemọ́lemọ́ títí tí yóò fi mọ́ ọn lára. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwé àkọ́kà ni Yorùbá ti ní tipẹ́, ìwé àwòrán ni kò ní tó. Èyí tó dára jù nínú ìwé àwòrán tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá àwọn òbí àti olùkọ́ tó ń sọ Yorùbá nímọ̀ràn ohun tí wọn yóò rà, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé ABD àwọn míṣọ́nnárì, ìwé tí ọ̀pọ̀ àgbà fi mọ̀wé ni Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ (1904–1980) kọ. Agbára rẹ̀ wà nínú bí ó ṣe to ẹ̀kọ́: ọ̀rọ̀ kúkúrú ló ṣíwájú, èyí tó gùn tẹ̀ lé e, ìtàn àti ewì wá dé nígbà tí ọmọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àkọtọ́ Yorùbá gan-an gba irú ìtò bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà 25 péré ni a ní, fáwẹ̀lì àìránmúpè 7. Ọmọ tó bá ti mọ ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu lè pe ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ kò ní ìrọ̀rùn yẹn. Ṣùgbọ́n nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ bá dárúkọ ni àwòrán ń fi hàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yọ àwòrán kúrò, ìtàn kò ní sọ nǹkan kan nù.

Àìsí ìwé ló kọ́kọ́ dojú kọ àwọn tó fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́. Nígbà tí Alíù Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n ní láti fọwọ́ ara wọn kọ ìwé ìṣirò, ìwé sáyẹ́ǹsì àti ti ìmọ̀ àwùjọ ní Yorùbá. Gbogbo ènìyàn ló máa ń tọ́ka sí èsì ìdánwò náà, pé àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀nba ló ń rántí iṣẹ́ ìwé kíkọ tó ṣíwájú èsì náà.

Kí ló wá wà lórí àtẹ báyìí? Èyí tí mo fi síwájú gbogbo wọn ni *Baby Goes to Market* (2017), tí Atinuke kọ, tí Angela Brooksbank sì ya àwòrán rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n bí Atinuke sí, Wales ló ń gbé. Ó sì ti ń fẹnu sọ ìtàn fún àwùjọ kí ó tó di òǹkọ̀wé, ohun tí etí sì ń gbọ́ nínú gbólóhùn rẹ̀ nìyẹn. Ìtàn náà kò le. Ìyá kan pọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́jà, ó gbé agbọ̀n lérí. Àwọn oníṣòwò rí ọmọ náà, ó wù wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lọ́rẹ. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún un ní mẹ́fà. Ó jẹ ọ̀kan, ó ju ìyókù sínú agbọ̀n lórí ìyá rẹ̀. Ọlọ́sàn fún un ní márùn-ún, ó tún ṣe bákan náà. Ṣinṣín mẹ́rin ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àgbàdo sísun mẹ́ta, lẹ́yìn náà ègé àgbọn méjì. Gbogbo ìgbà yìí, ìyá rẹ̀ ń ná ìrẹsì, ó ń ra epo, kò mọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n ń parí lọ ló wá ń káàánú pé ebi yóò ti máa pa ọmọ òun.

Níbí ni ìwé àwòrán ti yàtọ̀ sí ìwé tó kàn ní àwòrán. Ọmọ tó jókòó lórí ẹsẹ̀ àgbà ń rí ohun tí ìyá inú ìtàn kò rí. Ó mọ ju àgbà lọ, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun mọ̀. Pat Hutchins ti lo irú ọgbọ́n yìí ní 1968 nínú *Rosie's Walk*: adìyẹ ń nasẹ̀ kiri, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń lé e bọ̀ lẹ́yìn lójú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò dárúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rárá. Ọmọ ni yóò pariwo rẹ̀. Ìṣirò tún wà nínú ti Atinuke: mẹ́fà dín ọ̀kan, márùn-ún dín ọ̀kan, títí ó fi kù díẹ̀. Olùkọ́ jẹ́léósinmi tó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́ kò nílò ìtumọ̀ tí ẹnikẹ́ni tẹ̀. Kí ó ṣí ìwé síta kí àwọn ọmọ rí àwòrán, kí ó sọ ọ́ bí àlọ́ àpagbè: bí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan bá ti fún ọmọ ní nǹkan, kí olùkọ́ dá orin kúkúrú kan, kí àwọn ọmọ gbè é, kí wọ́n wá ka èyí tó bọ́ sínú agbọ̀n. Ó tọ́ kí ó pinnu ṣáájú bí ọlọ́sàn yóò ṣe kí ìyá ọmọ àti bí ìyá yóò ṣe dáhùn, nítorí ọjà tí kò sí ìkíni níbẹ̀ kò lè jọ ọjà létí ọmọ Yorùbá.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ló ṣeé sọ lọ́nà bẹ́ẹ̀. *B Is for Baby* (2019), láti ọwọ́ àwọn méjì yìí kan náà, dùn wò púpọ̀: ọmọ kan wọ inú agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀, ó gbé agbọ̀n náà sórí kẹ̀kẹ́, ó gùn ún lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n orí lẹ́tà B ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, bí ẹ bá sì sọ ọ́ ní Yorùbá, ìtàn yóò ṣẹ́kù, lẹ́tà yóò fò lọ. Ìwé lẹ́tà kì í ṣí kúrò ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Èyí ló mú mi ronú sí àwọn ìwé ABD aláwòrán tí àwọn òbí Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń fowó ara wọn tẹ̀ fún ọmọ tó ń gbọ́ èdè àmọ́ tí kò sọ ọ́. Akitiyan wọn tó nǹkan. Síbẹ̀ àpẹẹrẹ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn tẹ̀ lé: lẹ́tà kan, orúkọ nǹkan kan, àwòrán kan. Bẹ́ẹ̀, fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orúkọ nǹkan ní Yorùbá, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò kan tí U bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ojú ewé A, E, Ẹ, I, O àti Ọ máa ń kún àkúnya, nígbà tí òǹkọ̀wé yóò máa wá gbẹ́gìrì fún GB, tí yóò sì yá nọ́ọ̀sì fún N. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa ni kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀: bọ́, dì, fò, gùn, gbá, jó, kà. Ìwé ABD tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ bá ń ṣe nǹkan lójú ewé kọ̀ọ̀kan yóò bá èdè yìí mu ju èyí tó ń to nǹkan kalẹ̀ lọ. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rà.

*Catch That Chicken!* (2020) ni ẹ̀kẹta láti ọwọ́ Atinuke àti Brooksbank. Lami, ọmọbìnrin tí kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú adìyẹ mímú ní agbo ilé wọn, já bọ́ láti orí igi, ó fẹsẹ̀ rọ́, ó wá di dandan kí ó fi ọgbọ́n mú ohun tó ti ń fi eré mú. Ìhà àríwá ni ilé àti aṣọ inú rẹ̀ jọ, ìyẹn sì dára fún ọmọ Ìbàdàn tàbí Èkó láti rí.

Tí ọmọ bá ti ń dá kàwé, ọwọ́ Atinuke yìí kan náà ni mo tún máa na ìka sí, kì í ṣe tìtorí ojúsàájú. *Anna Hibiscus* (2007), tí Lauren Tobia ya àwòrán sí, jẹ́ ìtàn kúkúrú mẹ́rin nínú ìwé kan, agbo ilé ńlá tí ọmọ púpọ̀ wà ló sì ti ṣẹlẹ̀. Nínú ọ̀kan, Anna tó ń gbé ilé ọlọ́rọ̀ rí àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri lóde, ó ní òun náà fẹ́ ta ọsàn. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó tà á tán, kò sì mọ̀ pé oúnjẹ ẹnu àwọn tó ń fi ọsàn títà jẹun lòun gbà. Òǹkọ̀wé kò bá a wí lójú wa. Anna fúnra rẹ̀ ló wá ohun tí yóò fi ṣe àtúnṣe. Ìtàn bẹ́ẹ̀ ń fa àríyànjiyàn gidi láàárín ọmọ ọdún méje. *The No. 1 Car Spotter* (2010) bá àwọn ọmọkùnrin tí kò fẹ́ràn ìwé mu: abúlé létí títì, ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo mọ́tò tó ń kọjá, àti Corolla àlòkù tó di kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà. *Too Small Tola* (2020), tí Onyinye Iwu ya àwòrán rẹ̀, wà ní Èkó gan-an, nínú yàrá kan ṣoṣo tí Tola, Moji àti Dapo ń bá ìyá wọn àgbà gbé. Nígbà tí ẹsẹ̀ télọ̀ tó jẹ́ aládùúgbò wọn kán, Tola kékeré ló mú ìwọ̀n àwọn oníbàárà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé àìní kò di ẹkún nínú rẹ̀, kò sì di eré.

Àwọn mìíràn ń bẹ. *Mayowa and the Masquerades* (2010) tí Lọlá Ṣónẹ́yìn kọ gbé ọmọ ìlú ńlá lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, níbi tó ti rí eégún. *Chicken in the Kitchen* (2015) ti Nnedi Okorafor, tí Mehrdokht Amini ya, gbé ọ̀rọ̀ eégún tirẹ̀ gba ọ̀nà ọdún iṣu tuntun àwọn Igbo, àwòrán rẹ̀ sì lè dẹ́rù ba ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rin. *Mama's Sleeping Scarf* (2023) ti Chimamanda Adichie jẹ́jẹ́, ó wà fún àkókò oorun.

Ẹ̀bùn ńlá Nàìjíríà fún lítíréṣọ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG ń gbé kalẹ̀, kan ìwé ọmọdé ní 2019 àti 2024. *Boom Boom* ti Jude Idada ló gba ti àkọ́kọ́, *The Road Does Not End* ti Olúbùnmi Fámílọ́ní ló gba ti èkejì. Ìwé ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ni méjèèjì, kì í ṣe ìwé àwòrán. Níbi tí owó àti òkìkí bá wà ni òǹkọ̀wé ń lọ.

Ní ti ìwé tí wọ́n fi Yorùbá kọ, ibi tí mo ti rí púpọ̀ jù ni African Storybook, tí àjọ Saide ní South Africa dá sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n pín in sí ìpele láti orí ọ̀rọ̀ kan lójú ewé dé orí ìpínrọ̀, àṣẹ rẹ̀ sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti tẹ̀ ẹ́, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó ṣàtúnṣe, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó yà á. Ìtàn Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àmì ohùn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló túmọ̀ wọn. Ẹlòmíràn fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn fi sí ibi tó wù ú. Àgbà tó gbọ́ Yorùbá yóò tún un ṣe lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń kàwé fúnra rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi tún un ṣe. Ẹ̀rọ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Nínú Unicode, ètò kóòdù lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, é ní kóòdù kan, ẹ ní kóòdù kan, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí, bí fọ́ńtì kò bá sì dára, àmì yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó gun lẹ́tà tó kàn. Olùkọ́ tó bá fẹ́ tẹ irú ìwé yìí fún kíláàsì rẹ̀ lè lo fọ́ńtì Andika tí SIL ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Àmì máa ń jókòó dáadáa nínú rẹ̀, a rẹ̀ sì jọ èyí tí ọmọ ń fọwọ́ kọ.

Àwọn Hausa ti rí ètò tó ju èyí lọ: ìwé *Mu Karanta!* tí USAID ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ àwọn ilé-ìwé Bauchi àti Sókótó pẹ̀lú ìwé olùkọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ló ń yí. Ní oṣù kọkànlá 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́; ní oṣù kọkànlá 2025 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Atẹ̀wé tó fẹ́ fowó lé ìwé Yorùbá aláwọ̀ mèremère, ojú ewé 32, kò rí ibi dúró sí nínú irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àwòrán kò dúró de òfin, nítorí orí ẹsẹ̀ òbí ni wọ́n ti ń kà á.

Ilé-ìwé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò nílò láti ra ẹ̀dà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà méjì *Baby Goes to Market* tó fún kíláàsì jẹ́léósinmi, nítorí olùkọ́ ni yóò dì í mú. Kí ó tẹ ìtàn mẹ́wàá tàbí méjìlá láti African Storybook, kí ẹni tó mọ àkọtọ́ yẹ àmì wọn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n dì wọ́n sínú páálí, kí àwọn ọmọ máa mú wọn lọ sílé. Aláwìíyé kò yẹ kó kúrò lórí tábìlì fún àwọn tó ti ń mọ sílébù. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ra *Anna Hibiscus* kan. *Too Small Tola* lè dúró di táàmù tó ń bọ̀.