Sinimá Àdììtú àti Òǹwòran Yorùbá: Láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Zion Pẹpẹ

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni irú sinimá kan tí ènìyàn yóò wò tán tí kò ní í lè fọwọ́ sọ̀yà pé báyìí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú irú sinimá bẹ́ẹ̀, òkú lè bá alààyè jẹun kí ẹnikẹ́ni má bèèrè pé báwo ni, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá sì lè tẹ̀ lé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la. A ó máa pè é ní sinimá àdììtú. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí D. O. Fágúnwà ti lò ó nínú àkọlé ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1961. Àdììtú yàtọ̀ sí àlọ́ àpamọ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni àlọ́ àpamọ̀ ní, ẹni tí ń pa á sì ti mọ̀ ọ́n kí ó tó la ẹnu. Àdììtú tún yàtọ̀ sí sinimá olówe, irú Ṣaworoidẹ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì gbé jáde ní 1999. Ẹni tí ó bá ti gbé lábẹ́ ìjọba ológun ní kọ́kọ́rọ́ Ṣaworoidẹ lọ́wọ́. Sinimá àdììtú kò ní kọ́kọ́rọ́, tàbí kí a kúkú sọ pé ẹni tí ó ṣe é kò fẹ́ kí ó ní.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa olùkọ́ ni pé ìbéèrè méjì ni a mọ̀ jù lọ nínú ìdánwò wa: "Kí ni ìtumọ̀ èyí?" àti "Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́?" Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní í dárúkọ, a rí ìwé ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó kọ ọ́ nípa eré tí wọ́n wò pé kò hàn bóyá obìnrin inú rẹ̀ kú ni tàbí ó kàn lọ, àti pé ó jọ pé ẹni tí ó ṣe eré náà kò fẹ́ kí a mọ̀. Òdo ni olùkọ́ tí ó máàkì rẹ̀ fún un. Lójú tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ó wo eré náà jù nínú kíláàsì rẹ̀. A sì gbà pé àṣà fífi òdo san irú ìdáhùn yìí kò ti ọwọ́ àwọn baba wa wá. Ìtàn ni a fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ Ilé. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣe àlejò Aláàfin, wọ́n sì ṣe eré fún un. Ó kọ ohun tí ó rí sínú àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwádìí J. A. Adédèjì ti jẹ́ kí ó yé wa pé àwọn eégún alárè ni ó rí. Àwọn tí ó wọ àpò ni wọ́n kọ́kọ́ jáde, wọ́n jó, wọ́n tàkìtì. Lẹ́yìn náà ni òjòlá ńlá yọ láti inú àpò, ó ń na orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni fẹ́ bu ènìyàn jẹ, títí wọ́n fi ṣá a ní idà tí ó ń japoró. Ẹ̀kẹta ni ó wá le jù. Aṣọ ṣí díẹ̀díẹ̀, òyìnbó kan sì yọ sójú agbo. Ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín aṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ gìngìn bí ẹni tí ó ń rìn láìwọ bàtà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ láàrin àwọn òǹwòran. Wọ́n ń yíjú sí Clapperton, wọ́n ń bi í léèrè bóyá ẹni náà ṣe é dáadáa.

Ẹ kíyè sí ìbéèrè yẹn. Wọn kò bi í pé kí ni òjòlá dúró fún. Wọn kò bi í pé ẹ̀kọ́ wo ni ó rí kọ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà nínú àpò, wọ́n sì mọ̀ pé òjòlá ni àwọn rí. Òótọ́ méjèèjì jókòó pọ̀ sínú agbo kan náà láìjà. Apidán kì í tú idán rẹ̀, òǹwòran kì í sì í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú u. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni ọwọ́ tí a fi ṣe é. Òǹwòran tí kò mọ nǹkan kọ́ ni èyí.

Sinimá fúnra rẹ̀ dé Èkó ní oṣù kẹjọ 1903, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Glover Memorial Hall. A kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ohun tí ìjọba òyìnbó ṣe lẹ́yìn náà. William Sellers, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, ya sinimá nípa bí wọ́n ṣe gbógun ti àrùn eku ní Èkó, èyí tí ó jáde ní 1937. Nígbà tí wọ́n dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní London ní 1939, òun ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ojú aláwọ̀ dúdú ìgbèríko kò tíì mọ sinimá í wò. Nítorí náà ó fi òfin lélẹ̀: kí àwòrán máa lọ jẹ́jẹ́, kí ó pẹ́ lójú, kí ohun kan máa tẹ̀ lé èkejì láìfò, kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀rọ pidán kankan. Títí wọ́n fi kógbá ẹ̀ka náà wọlé ní 1955, irú sinimá yìí ni mọ́tò ìjọba ń gbé kiri ìletò wa: bí a ṣe ń fọ ọwọ́, bí a ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá, bí a ṣe ń tọ́jú kòkó.

Ìwọ̀nyí ni ọmọ-ọmọ àwọn tí ó wo òjòlá jáde láti inú àpò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ni ẹnì kan wá jókòó sí London pé idán yóò dà lójú rú!

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń fi gbè èrò Sellers lẹ́sẹ̀, èyí tí John Wilson kọ sílẹ̀ ní 1961. Wọ́n fi sinimá ìmọ́tótó kan, tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, han àwọn ará abúlé kan ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òṣìṣẹ́ kan ń da omi tí ó dúró sójú kan nù, ó ń ṣa agolo, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ jẹ́jẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ènìyàn náà pé kí ni ẹ rí, wọ́n ní adìyẹ. Àwọn tí ó ya sinimá náà kò mọ̀ pé adìyẹ wà níbẹ̀ rárá. Wọ́n padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá a: adìyẹ kan ta kúrò ní igun àwòrán fún bíi ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí wọ́n rí fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ará abúlé náà kò mọ sinimá í wò. Àwa kò gbà. Nínú gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, adìyẹ nìkan ni nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn òǹwòran rí ohun tí ẹni tí ó yà á gan-an kò rí. Olùdánwò ni ó ti ní ìdáhùn kan lọ́kàn, tí kò sì fẹ́ gba òmíràn. Ṣé a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí jọ?

Nígbà tí àwọn òṣèré tiwa gba ẹ̀rọ, idán padà kíá. Aiyé tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, tí Ọlá Balógun darí, kún fún àjẹ́, ẹyẹ àti ènìyàn tí ń pòórá. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1981. Ní 1982 ni Ọlá Balógun àti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlà wa, gbé Ọ̀run Mooru jáde, tí ó gbé aláwàdà dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú. Òótọ́ ni pé Ògúndé kì í fi òǹwòran sílẹ̀ láìní ẹni tí yóò là á yé e. Ọ̀ṣẹ́túrá, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ni ó ń borí ibi ní ìgbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó wo Aiyé nígbà náà léèrè ohun tí ó rántí. Kì í ṣe àlàyé Ọ̀ṣẹ́túrá ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Ní òkè òkun, àwọn kan ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìtumọ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Luis Buñuel àti Salvador Dalí, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, rọ́ àlá fún ara wọn, wọ́n sì fi ṣe sinimá kúkúrú kan ní 1929, Un Chien andalou. Ajá Andalúsíà ni àkọlé rẹ̀ ń sọ, kò sì sí ajá kankan níbẹ̀. Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni Touki Bouki tí Djibril Diop Mambéty ṣe ní Senegal ní 1973. Bouki ni ìkookò nínú àlọ́ wọn, bí Ìjàpá ti wà nínú tiwa. Ọ̀dọ́ méjì, Mory àti Anta, ń fi alùpùpù tí a so ìwo màlúù mọ́ lọ́wọ́ wá owó ọkọ̀ dé Paris kiri. A kò mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ àti èyí tí wọ́n kàn ń lálàá rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lé e.

Ní Nàìjíríà lónìí, C. J. Obasi, Abba T. Makama àti Michael Omonua ni wọ́n kó ara wọn jọ bí Surreal16. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe Juju Stories ní 2021. Ìtàn kan nínú rẹ̀ dá lórí ẹni tí ó ṣa owó ní ojú títì tí ó di iṣu. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ ní Èkó?

Lẹ́yìn náà ni Obasi ṣe Mami Wata, tí ó gba ẹ̀bùn ní Sundance ní 2023 nítorí iṣẹ́ Lílis Soares, obìnrin ọmọ Brazil tí ó ya àwòrán rẹ̀. Dúdú àti funfun nìkan ni àwọ̀ rẹ̀, èdè Píjìn àti Fọ̀n ni wọ́n sì ń sọ. Ìlú etí òkun kan, Iyi, ni ó ti ṣẹlẹ̀. Mama Efe ni alárinà láàrin òrìṣà omi àti àwọn ará ìlú. Àìsàn pa ọmọ kan, ìgbàgbọ́ mì, ìlú sì dàrú.

Èyí ni a fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà kan ní Zion Pẹpẹ, ní etí òkun Ìlàjẹ. Nínú àwọn ìlú aládùúrà etí òkun yìí, Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ni òkìkí rẹ̀ kàn jù; òkun sì ti gbé púpọ̀ nínú ilé rẹ̀ lọ. A ti múra láti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ náà ìdí tí kò fi sí àwọ̀ nínú àwòrán. Ọmọkùnrin kan, tí baba rẹ̀ ń pẹja, ṣáájú wa. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú ènìyàn ṣe ń rí lórí omi lóru nígbà tí iná kan ṣoṣo bá wà nínú ọkọ̀. Èkejì bèèrè ìdí tí Mami Wata kò fi gba ọmọ náà là. Kí a tó lanu, ọmọbìnrin kan dá a lóhùn pé òkun kò sọ ìdí fún àwọn ará Ayétòrò náà.

Ó yẹ kí a rántí pé ìran ni Yorùbá ń pe ohun tí òǹwòran ń wò ní agbo, ìran náà sì ni àwọn aláṣọ funfun ń pe ohun tí a fi han aríran. Ọmọ tí a tọ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé a lè rí ìran lónìí kí ìtumọ̀ rẹ̀ má tíì dé, àti pé ojúṣe aríran ni kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rí bí ó ti rí i, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀. Ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó yẹ kí àwa fi sínú kíláàsì nìyí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Nítorí náà ìbéèrè tí a fún wọn ni èyí: "Mú ohun kan tí o rí nínú sinimá yìí tí o kò lè túmọ̀. Ṣe àpèjúwe rẹ̀ dáadáa, kí o sì sọ ó kéré tán ohun méjì tí ó lè jẹ́." Nínú 20 máàkì, 10 wà fún àpèjúwe, 5 fún ohun méjì náà, 5 fún èdè. Alábàáṣiṣẹ́ wa kan takò wá pé ọ̀lẹ yóò kàn kọ "kò yé mi" ni, yóò sì gba máàkì. Ẹnì kan kọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kò ṣe àpèjúwe ohunkóhun, òdo ni a fún un. Ẹlòmíràn kọ ojú ìwé méjì lórí irun Prisca, ọmọ tí Mama Efe gbà tọ́: bí wọ́n ṣe dì í, bí iná ṣe ń kàn án, bí ó ṣe dà bí ìgbì lójú òun nígbà kan, tí ó sì dà bí okùn ní ìgbà mìíràn. Kò lè sọ èwo ni. A fún un ní 17.