Ṣé Ibi Ìrìn-Àjò Afẹ́ Lè Yọ Ìjọba Ìbílẹ̀ Nínú Àìtó Owó? Ẹ̀kọ́ Láti Òkè Ìdànrè

Nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá falẹ̀, tí ọ̀nà oko bàjẹ́, tí oògùn sì tán ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ará ìlú: "Ṣebí a ní òkè, a ní àpáta, a ní omi tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta. Kí ló dé tí ìjọba ìbílẹ̀ kò fi wọ́n pa owó?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Nínú àlàyé yìí, a óò fi Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ, kí olúkúlùkù olùgbé lè mọ ohun tí ibi ìrìn-àjò afẹ́ lè ṣe fún àpò ìjọba ìbílẹ̀, àti ohun tí kò lè ṣe.

Ìdáhùn wa ní ṣókí nìyí: owó ẹnu ọ̀nà nìkan kò lè gba ìjọba ìbílẹ̀ là. Èrè tó dájú wà nínú oúnjẹ tí àlejò bá jẹ, ibi tó bá sùn àti ọjà tó bá rà kó tó padà sílé. Èrè náà kì í sì í yára dé.

Ibi tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ti ń wá

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. 18 nínú wọn wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìdànrè sì jẹ́ ọ̀kan. Àpò àpapọ̀ ní Àbújá ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ń ná ti ń wá. Nígbà tí wọ́n bá pín owó àpò náà, ìjọba àpapọ̀ ń gba ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ ń gba ìdá 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ sì ń pín ìdá 20.60 láàárín ara wọn. Wọ́n tún ní ìpín ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó-orí ọjà. Nítorí pé owó epo rọ̀bì kó ipa ńlá nínú àpò yìí, bí iye owó epo bá já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní kànga epo kan ṣoṣo pàápàá yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ọ̀nà tí owó yóò gbà dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ìdájọ́ náà tọ́ka sí. Kò sọ pé owó náà yóò pọ̀ sí i. Inú owó yìí kan náà ni owó oṣù òṣìṣẹ́, owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì ti ń jáde. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe, tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n sì fi ń kó pàǹtírí.

Ìdí nìyí tí ìjọba ìbílẹ̀ fi nílò owó tó jẹ́ àárò tirẹ̀. Àfikún Kẹrin Ìwé Òfin ọdún 1999 ka àwọn nǹkan tó wà níkàáwọ́ wọn: owó-orí ilé, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, ìwé àṣẹ ọmọlanke, àti àmójútó ìsọ̀, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì, ilé ìfọṣọ àti ọtí títà. Ẹ fi àkójọ yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sídìí rẹ̀.

Ta ló ni owó ẹnu ọ̀nà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjọba ìbílẹ̀ tí òkè kan wà nílẹ̀ rẹ̀ ló ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọdún 2013, nínú ẹjọ́ tó wáyé láàárín Ìjọba Àpapọ̀ àti Ìpínlẹ̀ Èkó, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé ìpínlẹ̀ ni òfin fún láṣẹ láti bójú tó ilé ìtura àti iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ nínú ààlà rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ibi ńláńlá ló wà lábẹ́ àmójútó ìpínlẹ̀. Àwọn mìíràn, bí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ni owó ẹnu ọ̀nà ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́.

Àmọ́, ká tiẹ̀ ní gbogbo owó náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Àfiwé lásán ni iye tí a fẹ́ lò yìí, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ibì kankan. Bí 20,000 ènìyàn bá wá lọ́dún, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦1,000, owó tó wọlé lọ́dún jẹ́ ₦20 mílíọ̀nù. Bí ìjọba ìbílẹ̀ náà bá ní òṣìṣẹ́ 500, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò gbà ju ₦70,000 lọ, èyí tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦35 mílíọ̀nù ni wọn yóò gbà lóṣù kan. Owó ẹnu ọ̀nà ọdún kan gbáko kò tó san owó oṣù kan ṣoṣo. A kò sì tíì yọ owó àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, àwọn afinimọ̀nà àti àtúnṣe kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí Òkè Ìdànrè ń kọ́ wa

Orí Òkè Ìdànrè ni àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ìlú wà lónìí, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò ń gùn kó tó dé ibi tí ààfin àtijọ́ Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti àwọn ojúbọ wà. Ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹwàá, ọdún 2007, òkè náà wọ àkójọ ìdúródè àjọ UNESCO, ìyẹn àkójọ àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè fẹ́ kí wọ́n sọ di ogún àgbáyé. Kò tíì di ogún àgbáyé bíi ti Igbó Ọ̀ṣun, tó gba ipò náà ní ọdún 2005.

Ẹwà òkè náà kò ní àríyànjiyàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Àkúrẹ́ kò jìnnà. Ẹni tó bá gun òkè láàárọ̀ lè padà sí Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, Ìdànrè ló bá a lóògùn, Àkúrẹ́ ló fi owó rẹ̀ jẹun, Àkúrẹ́ náà ló sì san owó ibùsùn sí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú àfiwé wa. Bí 5,000 péré nínú 20,000 àlejò yẹn bá sun oorun ọjọ́ kan nínú ìlú, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ná ₦20,000 lórí yàrá, oúnjẹ, ọ̀kadà àti ọjà, ₦100 mílíọ̀nù ni yóò wọ ọwọ́ àwọn ará ìlú. Ìlọ́po márùn-ún owó ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ibí ni àkójọ Àfikún Kẹrin ti wúlò: ilé oúnjẹ tuntun, ìsọ̀ tuntun, ibùdókọ̀ tó kún àti ilé tí wọ́n sọ di ilé àlejò ni ìjọba ìbílẹ̀ ti lè gba owó tó tọ́ sí i lábẹ́ òfin. Owó náà kéré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ọjà ń kún. Kòkó ló sọ Ìdànrè di ìlú olókìkí ní ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Àlejò tó bá ra ohun tí wọ́n fi kòkó ṣe nínú ìlú kan náà yóò fi owó sílẹ̀ ju ẹni tó kàn ya fọ́tò lọ.

Ìkìlọ̀ láti Yubari

Igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nítorí náà ni a fi fẹ́ kí a wo ìlú kan ní Japan tó gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé ìrìn-àjò afẹ́. Yubari ni orúkọ rẹ̀, ní erékùṣù Hokkaido. Iṣẹ́ ìwakùsà èédú ló ń bọ́ ọ. Ní ọdún 1960, àwọn ará ibẹ̀ lé ní 100,000. Nígbà tó yá, àwọn ibi ìwakùsà ń tì níkọ̀ọ̀kan títí tí èyí tó kẹ́yìn fi tì ní ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kó lọ.

Ìjọba ìlú náà kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé èédú, ọgbà ìgbádùn àti ibi ìdárayá orí yìnyín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún fíìmù. Àlejò kò wá tó bí wọ́n ti retí, owó ìtọ́jú kò sì dúró de àlejò. Dípò kí wọ́n fi ìpàdánù hàn sójútáyé, wọ́n ń yá owó kúkurú láti fi bo gbèsè àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2006, àṣírí tú: gbèsè náà ti lé ní bílíọ̀nù 35 yen. Ní ọdún 2007, ìlú náà bọ́ sábẹ́ àmójútó ìjọba orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n dín òṣìṣẹ́ àti owó oṣù kù, wọ́n fi kún owó-orí, ilé ìwòsàn ìlú di ilé ìwòsàn kékeré, wọ́n sì pa àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Àwọn tó ṣẹ́ kù, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àgbàlagbà, ni ẹrù náà já lé lórí.

Èyí kò fi hàn pé iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ burú. Ohun tó fi hàn ni pé gbèsè tí a jẹ nítorí àlejò tí kò tíì dé, ọmọ onílé ni yóò san án.

Ohun márùn-ún tó gbọ́dọ̀ wà

1. Kí a kọ́kọ́ ka owó ìtọ́jú. Àtẹ̀gùn, irin ìdìmú, omi, ilé ìyàgbẹ́, pàǹtírí àti ètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó bá ṣubú kò ṣeé fi falẹ̀.

2. Kí àlejò rí ìdí tí yóò fi sùn. Yàrá tó mọ́, iná tó dúró, ọ̀nà tó dára àti ohun mìíràn tó lè ṣe lọ́jọ́ kejì.

3. Kí owó má mọ sí àsìkò ọdún nìkan. Ọdún Ọ̀ṣun ní Oṣù Kẹjọ ń kó èrò wá sí Òṣogbo, títí kan àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ láti Brazil àti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n oṣù méjìlá ni owó oṣù ń jáde.

4. Kí owó gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, kí rìsíìtì sì wà fún un. Àlejò tí wọ́n fi igi dí lọ́nà lẹ́ẹ̀mẹta láti gba owó kò ní padà wá, yóò sì sọ fún ẹlòmíràn.

5. Kí a má ṣe yá owó lórí ìrètí. Kí ètò kékeré kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí a tó fẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ẹ̀yin olùgbé lè ṣe

Bí ẹ bá ní ìsọ̀ tàbí ilé oúnjẹ, ẹ san owó tí òfin là sílẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Owó tí kò ní rìsíìtì kò wọ àpò ìlú. Bí kánsílọ̀ yín bá ń polongo ibi ìrìn-àjò afẹ́ tuntun, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni yóò máa gba owó ẹnu ọ̀nà, èló ni ìtọ́jú ọdún kan, níbo sì ni owó ìtọ́jú náà yóò ti wá bí àlejò kò bá wá? Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó sì fún iléeṣẹ́ náà ní ọjọ́ méje láti dáhùn.

Òkè Ìdànrè lè fi kún owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ní, ó sì lè fi iṣẹ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Kò lè rọ́pò owó tó ń ti Àbújá wá, kò sì lè tán ìṣòro ìnáwó tí kò létò. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ti mọ owó ọjà àti owó ibùdókọ̀ rẹ̀ í kó jọ, tó sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ará ìlú, ni òkè lè ràn lọ́wọ́.