Alùbọ́sà àti Orí Pípá: Ìbéèrè Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Oògùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Ọ̀rọ̀ irun tó ń re ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ilé tí a kò ti ní bá a kò pọ̀. Ìyá kan á tú gèlè, á rí i pé irun ẹ̀bá etí òun ti lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó á máa fi fìlà bo àárín orí. Kíá ni ìmọ̀ràn á ti dé: ẹnì kan á ní kí wọ́n lọ alùbọ́sà, kí wọ́n máa fi omi rẹ̀ pa orí, ẹlòmíràn á ní àdín ni, ẹ̀kẹta á ní òrí àti ọṣẹ dúdú. A kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà. Àwa náà ti fi alùbọ́sà pa orí rí, tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ará ilé fẹ́ jókòó tì wá. Ṣùgbọ́n níbo ni oògùn yìí ti wá, irú irun wo ni ó sì wà fún?

Ìtàn oògùn orí pípá ti pẹ́. Àwọn ará Íjíbítì kọ ìwé ìṣègùn kan ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Ànábì Ísá, ìwé náà sì wà ní ìlú Leipzig nílẹ̀ Jámánì títí di òní. Nínú rẹ̀, wọ́n ní kí apárí po ọ̀rá kìnnìún, ti erinmi, ti ọ̀nì, ti ológbò àti ti ejò pọ̀, kí ó fi pa orí. Ẹni tí irun rẹ̀ ń re kò ní ohun tí kò lè wá kiri.

Alùbọ́sà ní tirẹ̀ wà nínú ìwé Dioscorides, onímọ̀ ewé àti egbò tó jẹ́ Gíríìkì, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísá. Ó ní kí a máa fi ra ojú ibi tí irun ti re, kí irun lè tètè hù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo orí pípá ni ó ń sọ. Àrùn kan ni ó dárúkọ, èyí tí àwọn Gíríìkì fi kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pè, nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí àrùn awọ bá mú a máa re irun ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, láyé Kálífà Al-Mutawakkil, wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Lárúbáwá ní Baghdad. Àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí náà pe àrùn yìí ní dā' al-tha'lab, èyí tí í ṣe àrùn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Nígbà tí Ibn Sina (980 sí 1037) kọ Al-Qanun fi al-Tibb, ó ya ọ̀rọ̀ irun tó kàn ń re, ti àrùn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ti orí pípá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kíyè sí i pé irú irun tó ń re ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó mú oògùn.

Baghdad yìí kan náà ni alùbọ́sà tún padà sí. Ní ọdún 2002, oníṣègùn awọ ara méjì níbẹ̀, Sharquie àti Al-Obaidi, tẹ ìwádìí wọn jáde. Àwọn tí orí wọn pá ní ojú kọ̀ọ̀kan, rogodo bí owó, ni wọ́n mú. Ẹni 23 fi omi alùbọ́sà pa ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́ fún oṣù méjì; ẹni 15 fi omi lásán pa tiwọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, irun ti hù padà lórí ẹni 20 nínú àwọn alálùbọ́sà. Nínú àwọn olómi lásán, ẹni 2 péré ni tiwọn hù. Àwọn èèyàn náà kò pọ̀, irú àrùn yìí sì lè lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Síbẹ̀, àrùn tí àwọn àgbà dárúkọ mọ́ alùbọ́sà gan-an ni wọ́n dán an wò lé lórí, kì í ṣe orí pípá àjogúnbá.

Bí alùbọ́sà ti ní àrùn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn mìíràn ní tirẹ̀. Ní ọdún 1867, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, wọ́n bí Sarah Breedlove fún òbí tó ti ṣe ẹrú rí. Alágbàfọ̀ ni ní ìlú St. Louis nígbà tí irun rẹ̀ ń re. Ó kọ́kọ́ bá Annie Turnbo, tó ń ta oògùn irun, ṣiṣẹ́; nígbà tó di 1906, ó ti ń ta tirẹ̀ lórúkọ Madam C. J. Walker. Ó ní ojú àlá ni wọ́n ti fi oògùn náà han òun, pé ilẹ̀ Áfíríkà ni díẹ̀ nínú èròjà rẹ̀ ti wá. Imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń kọ́ àwọn obìnrin pé kí wọ́n máa fọ orí déédéé. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní omi ẹ̀rọ, orí fífọ ṣọ̀wọ́n, ọṣẹ wọn sì le koko. Awọ orí á máa yún, á máa ṣí. Nígbà tí ìmọ́tótó àti imí-ọjọ́ wo awọ orí sàn, irun rí ibi hù sí. Kí ó tó kú ní 1919, ó ti di gbajúmọ̀ olówó.

Ti àjogúnbá ńkọ́? Láyé àtijọ́ ni Hippocrates ti ṣàkíyèsí pé orí ìwẹ̀fà kì í pá. Ní ọdún 1942, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, James Hamilton, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé omi ara tó ń sọ ọmọdékùnrin di ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń pá lórí. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. A kò lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò.

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Irun abiyamọ a máa re ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ, a sì tún máa padà hù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi alùbọ́sà pa á lásìkò náà á ní alùbọ́sà ló ṣe é, á sì júwe rẹ̀ fún aládùúgbò tí irun tirẹ̀ ń lọ nítorí dídì tó le jù. Aládùúgbò á máa pa alùbọ́sà, onídìrí á sì máa fà á le bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tètè dẹ irun náà, yóò hù. Bí ó bá jẹ́ kí ó di ọdún gbọọrọ, ìdí irun á kú, ojú ibẹ̀ á di àpá, kò sì sí alùbọ́sà tí yóò jí i. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nìyẹn. Omi alùbọ́sà kò wọ́n, ṣùgbọ́n àsìkò tó bá lọ kì í padà.

Nítorí náà, kí a tó lọ alùbọ́sà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè: ṣé ojú kọ̀ọ̀kan ló ti pá ni, àbí ẹ̀bá orí? Ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni? Ṣé awọ orí ń yún? Ṣé bàbá wa pá lórí? Bí èyí kò bá yé wa, ẹ jẹ́ kí a lọ bá oníṣègùn awọ ara. Àwọn àgbà Baghdad kò kó oògùn sílẹ̀ fún wa lásán. Wọ́n kó ìbéèrè sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n wa. Àmín.